Ọdún Márùn-ún Tó Di Mẹ́wàá

Àwa mẹ́rin ni. Ilémọ̀nà la ti wá, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀yun, ní ìpínlẹ̀ Kwara, kò jìnnà sí Ọ̀fà rárá. Iṣẹ́ olùkọ́ la kọ́, òun náà la sì ń ṣe ní Ìlú Ọba báyìí: ẹnì kan ń kọ́ àwọn ọmọ ní físíìsì, ẹni méjì ń kọ́ wọn ní ìṣirò, ẹnì kẹrin ń kọ́ wọn ní kẹ́mísírì. Ìlú tí kálukú ń gbé yàtọ̀ síra, àmọ́ a jọ wà lórí WhatsApp, a sì máa ń pe ara wa ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú, nígbà tí àwọn ọmọ bá ti sùn, tí iṣẹ́ ọjọ́ Ajé sì ti wà ní sẹpẹ́. Tẹ́lẹ̀, ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù la máa ń sọ, tàbí ibi tí wọ́n ti ń ta èlùbọ́ tó dára, tàbí ọmọ kíláàsì kan tí etí rẹ̀ di. Láti oṣù Karùn-ún ọdún 2025, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló kù lẹ́nu wa: ṣé ká dúró ni, àbí ká máa lọ?

Ọ̀pọ̀ ènìyàn nílé gbà pé ẹni tó bá ti wọ bàlúù ti dé ibi tó ń lọ nìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Físà tí olùkọ́ fi ń ṣiṣẹ́ níbí, ilé ìwé tó gbà á síṣẹ́ ni wọ́n so ó mọ́. Bí iṣẹ́ bá bọ́ lọ́wọ́ rẹ, físà ń tẹ̀lé e lọ ni; ọgọ́ta ọjọ́ ni wọ́n sábà máa ń fún ènìyàn kó fi wá ilé ìwé mìíràn, tàbí kó di ẹrù rẹ̀. Ohun tó ń fi wá lọ́kàn balẹ̀ ni pé ìrìn náà ní òpin. Bí o bá ti lo ọdún márùn-ún, tí ò ń san owó orí, tí o kò sì rú òfin, o lè béèrè fún ìwé tí yóò jẹ́ kí o máa gbé ibẹ̀ títí, tí o lè fi pààrọ̀ iṣẹ́ láìbẹ ẹnikẹ́ni. Láàárín ara wa, ìwé gbére la ń pè é. Ọdún márùn-ún yẹn la fi wọn ohun gbogbo: ìgbà tí a máa ra ilé, ìgbà tí a máa lọ wo àwọn òbí wa fún odindi oṣù kan, ìgbà tí ọmọ máa wọ yunifásítì.

A ò fi ipá wọlé o. Ní oṣù Kejì ọdún 2023 ni ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣí ọ̀nà sílẹ̀ fún àwọn olùkọ́ láti Nàìjíríà, Gáńà, Íńdíà, Jàmáíkà, Gúúsù Áfíríkà, Zimbabwe àti ibi mẹ́ta mìíràn, pé kí wọ́n wá fi ìwé ẹ̀rí tí wọ́n gbà nílé tọrọ ìwé ẹ̀rí olùkọ́ tibí, láìtún bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ láti ABD. Olùkọ́ ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti èdè ni wọ́n ń wá tí wọn ò rí tó. Ní ọdún ẹ̀kọ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní 2023, wọ́n tiẹ̀ ya 10,000 pọ́n-ùn sọ́tọ̀ fún olùkọ́ físíìsì tàbí ti èdè tó bá ti òkè òkun wá, kó fi tọ́jú owó físà àti ìrìn àjò. Àwa náà kó ìwé wa jọ. A gba lẹ́tà lọ́dọ̀ TRCN l'Ábújá pé olùkọ́ gidi ni wá, pé a ò sì ní ẹ̀sùn lọ́rùn. Àwọn tó mọ̀ wá ní agbègbè Ọ̀fà ṣe àdúrà fún wa. A jáde.

Ìgbà tó di 12 oṣù Karùn-ún ọdún 2025, ìjọba Keir Starmer gbé ìwé ètò tuntun kan jáde lórí ọ̀rọ̀ àwọn tó ń wọ̀lú. Ohun tó kàn wá nínú rẹ̀ kò ju gbólóhùn díẹ̀ lọ: ọdún márùn-ún yẹn, wọ́n fẹ́ sọ ọ́ di mẹ́wàá. Lọ́jọ́ náà gan-an ni olórí ìjọba sọ pé orílẹ̀-èdè náà lè di erékùṣù àwọn àjèjì bí wọn ò bá ṣọ́ra. Nígbà tó di oṣù Kẹfà, òun fúnra rẹ̀ sọ pé òun kábàámọ̀ ọ̀rọ̀ yẹn, àmọ́ ẹyin lohùn. Bó bá ti bọ́, kì í ṣe é kó. Ní 22 oṣù Keje, òfin tuntun bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn tó fẹ́ wá tọ́jú arúgbó láti òkè òkun, wọ́n sì gbé ìwọ̀n ìmọ̀ tí iṣẹ́ gbọ́dọ̀ ní kí wọ́n tó fi fúnni ní físà sókè dé ìpele oyè yunifásítì. Iṣẹ́ olùkọ́ la á já. Iṣẹ́ àwọn tó ń ran olùkọ́ lọ́wọ́ nínú kíláàsì ò la á já. Ní 20 oṣù Kọkànlá, Shabana Mahmood, mínísítà ọ̀rọ̀ abẹ́lé, wá ṣàlàyé ètò ìwé gbére yẹn níwájú ilé aṣòfin. Ọdún mẹ́wàá ni ìpìlẹ̀. Àwọn kan lè dín in kù, bíi dókítà àti nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn ìjọba. Àwọn tí iṣẹ́ wọn kò tó ìpele oyè yunifásítì lè dúró fún ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ibi tó dùn wá jù ni pé wọ́n ní àwọn fẹ́ kí ó kan àwọn tó ti wà nílùú tẹ́lẹ̀, àwọn tó ti rin ìrìn náà dé àárín.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó, iṣẹ́ wa kúkú ni. Yàtọ̀ sí owó físà fúnra rẹ̀, àgbàlagbà kan ń san 1,035 pọ́n-ùn lọ́dún fún ètò ìlera, ọmọdé ń san 776. Bàbá, ìyá àti ọmọ méjì, 3,622 pọ́n-ùn nìyẹn lọ́dún kan. Ní ọdún márùn-ún, ó di 18,110. Bí ọdún bá di mẹ́wàá tí owó ò sì yí padà, ó di 36,220. Owó tí olùkọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ń gbà ní odindi ọdún kan níta Lọ́ńdọ̀nù, láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025, kò ju 32,916 lọ, kí wọ́n tó yọ owó orí. Ṣé ẹ rí i báyìí? Owó iṣẹ́ ju ọdún kan lọ ló ń lọ sórí àǹfààní àtilọ rí dókítà, bẹ́ẹ̀ a tún ń san owó orí tí wọ́n fi ń sanwó dókítà náà. A ò tíì fọwọ́ kan 3,029 pọ́n-ùn tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ọdún 2025 lọ́jọ́ tó bá fẹ́ gba ìwé gbére gan-an.

Kì í sì í ṣe Ìlú Ọba nìkan. Ní 19 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025, Ààrẹ Donald Trump buwọ́ lu ìwé kan l'Amẹ́ríkà pé agbanisíṣẹ́ tó bá fẹ́ fi físà H-1B mú òṣìṣẹ́ tuntun wọlé láti òkè òkun yóò san 100,000 dọ́là. Físà yìí làwọn ilé ìwé kan níbẹ̀ fi ń gba olùkọ́ ìṣirò àti ti sáyẹ́ǹsì. Ilé ìwé wo ló máa san irú owó bẹ́ẹ̀ lórí ẹnì kan tó fẹ́ wá kọ́ àwọn ọmọ ní áljẹ́bírà?

Owó nìkan kọ́ ló ń dààmú wa. Owó, èèyàn lè fún ṣòkòtò rẹ̀ ní ìgbànú. Ohun tó ń dààmú wa ni pé ẹni tó bá lè yí márùn-ún padà sí mẹ́wàá nígbà tí o ti rin mẹ́ta, ó lè yí mẹ́wàá padà nígbà tí o bá ti rin mẹ́jọ. Àwọn àgbà ti sọ ọ́: ẹni tó bá fojú àná wòkú, ẹbọra á bọ́ ọ láṣọ.

Ibi tí a bá ọ̀rọ̀ dé nìyí nígbà tí ọ̀kan nínú wa pe bàbá rẹ̀ ní Ilémọ̀nà. Olùkọ́ ni Bàbá náà, wọ́n ti fẹ̀yìn tì. Ó ro ohun gbogbo fún wọn, títí kan 36,220 yẹn. Bàbá dákẹ́ títí tó fi rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti já. Lẹ́yìn náà ni wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀, wọ́n ní, "Ọmọ mi, o ò ṣe bi mí léèrè Tíṣà Gáńà?"

A ò mọ Tíṣà Gáńà. Kò sí ẹni tí wọ́n ti bí nínú wa nígbà tó wà ńlé. Àmọ́ ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó lọ ilé ìwé gíga ní agbègbè Ọ̀yun àti Ọ̀fà láàárín ọdún 1977 sí 1985, á sọ fún yín pé Gáńà ló kọ́ òun ní nǹkan kan. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1976, ìjọba Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ jákèjádò ilẹ̀ yìí. Àwọn ọmọ tú jáde bí eṣú, kò sì sí olùkọ́ tó tó. Owó epo wà. Ní Gáńà, olùkọ́ wà, àmọ́ owó ibẹ̀ ti di bébà lásán. Bí wọ́n ṣe kó wá nìyẹn, pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí wọn àti ìwà pẹ̀lẹ́ wọn. Ẹ fi èyí wé olùkọ́ físíìsì tó gba físà ní 2023, ẹ máa rí i pé ìtàn kan náà ni. Orúkọ ìlú ló yàtọ̀.

Tíṣà Gáńà tí Bàbá ń sọ, ìṣirò ló ń kọ́ wọn. Bàbá ṣẹ̀ṣẹ̀ gba NCE nígbà náà, wọ́n sì jọ wà ní ilé ìwé kan náà. Wọ́n ní ọkùnrin náà kì í lo ìwé nínú kíláàsì, orí ló fi ń ṣe é. Ó gbọ́ Yorùbá débi pé ó ń ná ọjà l'Ọ́jà Ọ̀fà bí ọmọ onílé. Ó yá ilé méjì kúrò sí ti àwọn òbí Bàbá, ìyàwó rẹ̀ sì ń ṣe kẹ́ńkẹ́ tí àwọn ọmọ àdúgbò ń tò sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ láti rà.

Kí a tó dé ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́, ó yẹ ká rántí pé àwa la kọ́kọ́ jẹ níbẹ̀. Ní 18 oṣù Kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Kofi Busia ní Gáńà pàṣẹ pé kí gbogbo àlejò tí kò bá ní ìwé ìgbélùú gbà á tàbí kó lọ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn ará wa láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ìlọrin, Ọ̀fà àti ọ̀pọ̀ ìlú mìíràn, tí wọ́n ti ń ṣòwò níbẹ̀ láti ayé baba wọn, sọ ọjà kalẹ̀, wọ́n wá sílé. Àwọn kan nínú wọn, Gáńà ni wọ́n bí wọn sí. Ìlú baba wọn ni wọ́n wá di àlejò.

Ọdún kẹtàlá rẹ̀ ló kàn wọ́n. Ní 17 oṣù Kìíní ọdún 1983, Ali Baba, mínísítà ọ̀rọ̀ abẹ́lé lábẹ́ Ààrẹ Shehu Shagari, kéde pé kí gbogbo àlejò tí kò ní ìwé kúrò ní Nàìjíríà láàárín ọjọ́ mẹ́rìnlá. Owó epo ti já wálẹ̀, ìdìbò ń bọ̀, wọ́n sì nílò ẹni tí wọ́n máa di ẹ̀bi rù. Ó lé ní mílíọ̀nù kan ènìyàn tó kúrò, àwọn ará Gáńà ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Gáńà ti ti bodè rẹ̀ láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 1982, torí náà Tógò àti Bẹ̀nẹ̀ kò fẹ́ jẹ́ kí èrò há sọ́dọ̀ àwọn. Àwọn ènìyàn sùn síta ní Sẹ̀mẹ̀ pẹ̀lú báàgì onílà mẹ́rin igun mẹ́rin tí gbogbo wa ṣì ń pè ní Ghana Must Go dòní, tí a sì ń fi kó aṣọ lọ bọ́ọ̀dìn láìronú pé orúkọ ènìyàn ló wà lára rẹ̀.

Tíṣà Gáńà ńkọ́? Kò kàn án. Òfin yẹn yọ àwọn tó ń ṣiṣẹ́ fún ìjọba àpapọ̀ àti ti ìpínlẹ̀ sílẹ̀, ìwé ìpínlẹ̀ ló sì gbà á síṣẹ́. Bàbá ní ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan wà tó jẹ́ káfíńtà, ará ìlú kan náà ni wọ́n, ọ̀rẹ́ náà ò sì ní lẹ́tà kankan. Ó di irin iṣẹ́ rẹ̀, ó wọ ọkọ̀ lọ sí Èkó. Tíṣà sìn ín dé gáréèjì l'Ọ́fà. Nígbà tó padà dé, ó mú lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ rẹ̀ jáde, ó ní kí Bàbá bá òun wò ó dáadáa bóyá òǹtẹ̀ tó wà lára rẹ̀ hàn.

Ẹ má rò pé káfíńtà ló yàn dáadáa. Ọdún 1983 ni ọ̀dá àti iná ìgbẹ́ jọ bá Gáńà fínra, ebi pa wọ́n débi pé egungun tó ń yọ lọ́rùn ènìyàn, wọ́n fún un lórúkọ: ẹ̀gbà ọrùn Rawlings. Àárín ebi yẹn ló balẹ̀ sí. Ẹ má sì rò pé Tíṣà ló yàn dáadáa. Ó dúró. Àmọ́ láti ọjọ́ tí wọ́n ti yọ ọ́ sílẹ̀ nínú òfin ni kò ti jẹ́ aládùúgbò mọ́, ó ti di ẹni tí wọ́n yọ̀ǹda fún. Bí owó ọjà bá lọ sókè, ẹnì kan á ní àwọn Gáńà ló fà á. Bí olè bá jà ní ìgbòrò, wọ́n á wo ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kí wọ́n tó wo ibòmíràn. Ọmọ tó kọ́ lówùúrọ̀ a máa kọrin tẹ̀lé e lọ́sàn-án. Owó oṣù olùkọ́ sì ń pẹ́ káàkiri ilẹ̀ yìí nígbà náà. Nígbà tí ìjọba Buhari tún lé àwọn àlejò ní 1985, tí wọ́n fún wọn di 10 oṣù Karùn-ún, Tíṣà kò dúró wo bóyá lẹ́tà òun ṣì lágbára. Ó ta fíríìjì, ó fi tábìlì rẹ̀ sílẹ̀ fún Bàbá, ó lọ. Ọdún tó tẹ̀lé e ni náírà bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́ gidi. Ìwọ̀nba tó kó pamọ́ sí báǹkì pé ó máa padà wá gbà, a ò ní láti sọ fún yín ohun tó ṣẹ́kù nínú rẹ̀.

Ohun tí Bàbá sọ tẹ̀lé e la ń rò láti ọjọ́ náà. Wọ́n ní, "Lẹ́tà náà ò parọ́ fún un. Ó ní kí ó má lọ, kò sì sí ẹni tó lé e. Àmọ́ ó fi lẹ́tà ṣe ilé, ó wá ń retí kí orùlé má jò."

Àwa náà ti ń ṣe bẹ́ẹ̀, láìmọ̀ ni. Gbogbo ìgbà tí ìròyìn tuntun bá jáde, ibi tí a kọ́kọ́ máa ń wò ni bóyá orúkọ olùkọ́ wà lára àwọn tí wọ́n yọ sílẹ̀. Bó bá wà, a mí kanlẹ̀. Bí kò bá sí, a ò ní sùn. A ti di ẹni tó ń fi ojú wá orúkọ ara rẹ̀ nínú ìwé ẹlòmíràn. Bẹ́ẹ̀, olùkọ́ tó ń kọ́mọ ní áljẹ́bírà ní Birmingham tàbí ní Leeds kò yàtọ̀ sí ẹni tó ń fi ìfọ́mú fọ yàrá arúgbó lóru. Ẹni tó fẹ́ ká ṣiṣẹ́ ló pe àwa méjèèjì. Lónìí wọ́n fi ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí iwájú rẹ̀, àwa ń dúpẹ́ pé tiwa kò pọ̀ tó yẹn. Ọpẹ́ wo nìyẹn?

Ẹnì kan á ní, ẹ kúkú máa bọ̀ nílé, kí ló dé? Ẹ jẹ́ ká má tan ara wa. Owó oṣù tó kéré jù ní Nàìjíríà, láti 2024, ni 70,000 náírà. Ó dín díẹ̀ sí 40 pọ́n-ùn. Owó oṣù olùkọ́ ju ìyẹn lọ, àmọ́ kò jìnnà sí i bó ṣe yẹ kó jìnnà. Wọ́n ti ṣe òfin ní 2022 pé olùkọ́ lè ṣiṣẹ́ di ẹni ọdún 65, ohun tó dáa ni, ṣùgbọ́n ẹni tí ebi ń pa kì í fẹ́ kí ọdún ebi rẹ̀ gùn. Ọ̀rọ̀ ààbò sì wà. Ní 18 oṣù Kọkànlá ọdún 2025, ọjọ́ méjì péré kí Mahmood tó dìde ní ilé aṣòfin, àwọn agbébọn wọ ilé ìjọsìn kan ní Èrúkú, ní Kwara tiwa níbẹ̀, wọ́n pa ènìyàn, wọ́n sì kó ènìyàn méjìdínlógójì lọ. Wọ́n tú wọn sílẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀. Ìjọba ti àwọn ilé ìwé ní àwọn ìjọba ìbílẹ̀ kan ní gúúsù Kwara. Ọ̀sẹ̀ kan náà ni wọ́n ní kí a dúró fún ọdún mẹ́wàá níbí, tí wọ́n sì ní kí ọmọ má lọ sílé ìwé lọ́hùn-ún. Alẹ́ ọjọ́ Àìkú yẹn, a pe ara wa, a ò rí ọ̀rọ̀ sọ.

Àwọn ọmọ tí à ń kọ́ sì wà nínú ìṣirò yìí, ohun tí àwọn tó ń ṣòfin kì í kà mọ́ ọn. Olùkọ́ kì í fi ọmọ kíláàsì sílẹ̀ lágbedeméjì. Ọ̀kan nínú wa ní kíláàsì kan tí yóò ṣe ìdánwò GCSE ní oṣù Karùn-ún. Olùkọ́ físíìsì mẹ́ta ló ti kọjá lọ́wọ́ wọn kí ó tó dé. Nígbà tí wọ́n gbọ́ ìròyìn nílé, ọmọbìnrin kan dúró lẹ́yìn tí àwọn yòókù jáde, ó béèrè bóyá òun ni kí ó máa retí ẹlòmíràn ní ọdún tó ń bọ̀. Ó ní, bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, kí ó tètè sọ, torí ó ń rẹ òun láti máa mọ olùkọ́ tuntun. Olùkọ́ náà sọ fún un pé òun máa dúró di ìgbà tí wọ́n bá ṣèdánwò tán. Ìlérí tó lè mú ṣẹ nìyẹn, kò ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ibi tí a wá fẹnu ọ̀rọ̀ jóná sí ni pé a ò ní jọ ṣe ìpinnu kan náà, àmọ́ kálukú máa ṣe tirẹ̀ nígbà tó ṣì wà lọ́wọ́ ara rẹ̀. Ẹni àkọ́kọ́ ń lọ sílé. Bí ọdún ẹ̀kọ́ bá parí ní oṣù Keje ọdún 2026, ó di Ìlọrin. Ìyá rẹ̀ ti dàgbà, ó sì ní òun ò fẹ́ kí wọ́n fi fídíò sin ìyá òun. Kò retí owó tó ń gbà níbí. Ó ti ka ohun tó kó jọ, ó mọ iye oṣù tó máa gbé e. Ẹnì kejì ń dúró. Ọmọ rẹ̀ kan ń gba ìtọ́jú ìṣègùn tí kò ní rí gbà nílé, ó ní bí wọ́n bá sọ ọ́ di ogún ọdún, òun á kà á tán. Ẹnì kẹta ò tíì mọ̀, àmọ́ ó ti fún ara rẹ̀ ní gbèdéke: ìparí ọdún 2026. Bí òfin bá yí padà kó tó dìgbà náà tàbí kò yí, ọjọ́ yẹn ló máa dáhùn. Ẹnì kẹrin ń dúró pẹ̀lú, kò sì ní ìdí ńlá kankan ju pé ó fẹ́ràn iṣẹ́ náà níbi tó wà. A bọ̀wọ̀ fún un. Kò pọn dandan kí ìdí ènìyàn máa sunkún kó tó jẹ́ ìdí.

Ohun mẹ́ta la fọwọ́ sí ní ìṣọ̀kan. Èkíní, ìwé TRCN wa kò ní kú. À ń tún un ṣe bó ṣe yẹ, kó má di pé ọjọ́ tí a bá délé, wọ́n á ní a kì í ṣe olùkọ́ mọ́. Èkejì, owó ọkọ̀ òfuurufú gbogbo ilé wà nílẹ̀ lọ́tọ̀, a kì í fọwọ́ kàn án bó ti wù kí ó nira. Ẹni tó mọ̀ pé òun lè lọ, ọkàn rẹ̀ máa ń balẹ̀ ju ti ẹni tó kàn ń dúró lọ. Ẹ̀kẹta, a ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọjọ́ Sátidé fún àwọn ọmọ SS3 ní Ilémọ̀nà àti ìtòsí rẹ̀, tí wọ́n ń múra WAEC. Dátà wọ́n, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò sì ṣe é gbọ́kàn lé, torí náà a kì í ṣe fídíò. A máa ń ya àwòrán ìṣirò tí a fọwọ́ ṣe lórí bébà, a ó fi ohùn ṣàlàyé rẹ̀, a ó sì fi ránṣẹ́ sórí WhatsApp. Ọmọ kan tó ní fóònù á jẹ́ kí àwọn mẹ́ta tí kò ní gbọ́.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ọ̀kan nínú wọn fi ohùn ránṣẹ́ padà. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìṣirò. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, wọ́n ní kí n kọ ohun tí mo fẹ́ kọ́ sínú fọ́ọ̀mù JAMB. Bàbá mi ní kí n má kọ iṣẹ́ tíṣà, pé kò lówó. Kí lẹ rò?"

A jíròrò rẹ̀ fún bíi wákàtí kan kí a tó fèsì, àwa tí a kì í ronú tó bẹ́ẹ̀ lórí ìbéèrè ìṣirò. Ẹni tó ń lọ sílé àti àwọn tó ń dúró jọ fẹnu kò. A sọ fún un pé kó kọ ọ́. A ní iṣẹ́ tí ibikíbi máa ń wá ni, tó bá wù ú. A sì ní kó fi èyí sọ́kàn: àwọn tó bá pè é lè yí ohùn padà lọ́jọ́ kan, nílé tàbí lẹ́yìn odi, torí náà, láti ọjọ́ tó bá ti wọ kíláàsì àkọ́kọ́, kó máa mọ ohun tó fẹ́ fi iṣẹ́ náà ṣe, kí ẹlòmíràn má bàa bá a mọ̀ ọ́n.

Ó fi àmì àtàǹpàkò ránṣẹ́. Lẹ́yìn náà ló tún béèrè ìbéèrè kẹrìnlá, èyí tí kò yé e.